Lẹ́tà Orí Pẹpẹ

Agogo kẹ̀kẹ́ Lazarus ni Olúfúnmi kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí bàbá rẹ̀. Ó ń ṣa pàǹtí kúrò lára ẹ̀gúsí tí ìyá rẹ̀ sá sí ojúde. Láti bí oṣù méjì ni ọmọ náà kò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ gbá páànù lásán, yóò ti dìde, yóò ní bóyá ẹni tó mú lẹ́tà bọ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé yìí, Lazarus kò fara balẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó jù ú sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì yọ àpòòwé gígùn kan jáde láti inú rẹ̀.

"Olúfúnmi! Yunifásítì ti kọ̀wé o!"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Olúfúnmi na ọwọ́ sí àpòòwé náà. Ó ku díẹ̀ kó kàn án ni bàbá rẹ̀ fà á sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn án. O mọ̀ pé orí pẹpẹ ló ń lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ Abà Ọdẹ́yalé, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ẹ lè máa rò pé orí ọkùnrin yìí ti yí. Kò yí o. Ìjọ Aládùúrà kékeré kan wà ní abà náà, àpótí lẹ́tà tí ìjọ yìí ní ní ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni gbogbo abà ń lò. Lẹ́tà yòówù tó bá dé, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà ní Èkó, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, orí pẹpẹ ni wọn yóò gbé e sí láìṣí i, títí di ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìwàásù ni Bàbá Aládùúrà Hezekiah yóò mú un fún ẹni tó mọ̀wé kó kà á sí etígbọ̀ọ́ ìjọ. Kò sí ọ̀dọ́ kan tó mọ ìgbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ibi mímọ́ ni ibẹ̀, obìnrin kan kò sì gbọdọ̀ kọjá igi tí wọ́n fi pààlà pẹpẹ.

Ọdún 1991 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Olúfúnmi ṣe ìdánwò JAMB nìyẹn. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti ń du àyè tí kò tó nǹkan. Ó ti dé ọgbà náà rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí tíṣà wọn kó wọn lọ wò ó. Wọ́n mú wọn wọ ilé ìkàwé, Olúfúnmi sì gbójú sókè, ó rí ìwé láti ilẹ̀ títí dé òkè, ìwé lọ́tùn-ún, ìwé lósì, àwọn èèyàn jókòó sáàárín rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Ẹnu rẹ̀ ya, kò sì tíì padé tán títí dòní. Bó bá ń ro oko ẹ̀gẹ́, ilé yẹn ló ń rí lójú. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti là á mọ́ ọn lójú: bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ aránṣọ ló kàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ lọ ẹ̀gúsí ní Ìyànà Ọ̀fà, ibẹ̀ ló ti bá Modinat pàdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá Modinat. Nígbà tí Olúfúnmi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà fún un, ẹ̀rín pa ọmọ náà débi pé ó di ògiri mú.

"Olúfúnmi, ẹ̀yin Aládùúrà yìí ò ní pa mí! Nígbà tí tèmi dé láti Poli, ẹnu ọ̀nà ni mo ti fà á ya. Mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Lọ mú un jàre! Gbé e sórí ooru omi gbígbóná, á ṣí fúnra ẹ̀. Bó o bá kà á tán, fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ ni o ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olúfúnmi lára. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo àgbà ti lọ sóko, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó wọlé. Inú ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Òórùn àbẹ́là àti tùràrí ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ funfun tó bo pẹpẹ mọ́ tónítóní, àpòòwé rẹ̀ sì dá wà lórí rẹ̀ bí ọba. Ẹ̀rù ba ọmọ náà gidigidi. Láti kékeré ló ti ń kúnlẹ̀ níwájú ibí yìí, kò sì tíì sún mọ́ ọn tó báyìí rí. Ó tọrọ àforíjì lábẹ́nu, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá igi náà, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e, ó mú lẹ́tà, ó sì sá jáde.

Ooru omi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Olúfúnmi ka ìlà àkọ́kọ́, ó tún un kà, ó fìdí kalẹ̀ sílé ìdáná. Wọ́n gbà á! Òun, ọmọ Lazarus, ọmọ Abà Ọdẹ́yalé! Ó fẹ́ pariwo, ó fọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà gbàrà lójú rẹ̀. Àfìgbà tó ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni ayọ̀ náà pòórá. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà yìí àti ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, ó pẹ́ tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, àyè náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì! Ọ̀túnla nìyẹn. Lẹ́tà kò sì ní kúrò lórí pẹpẹ àfi lọ́jọ́ Ìsinmi.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó sá tọ bàbá rẹ̀ lọ sóko, kó jẹ́wọ́, kó kúnlẹ̀, kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n sì máa lọ. Ohun tó yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbà ìjọ ni Lazarus, òun ló ń tọ́jú pẹpẹ. Bí ìjọ bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wọ ibi mímọ́, ojú wo ni yóò fi wò wọ́n? Olúfúnmi fi ẹ̀kọ lẹ àpòòwé padà, ó gbé e lọ sí ibi tó ti mú un.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbìyànjú ìdajì òtítọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí lẹ́tà yẹn lónìí."

"Kí ló ń lé ọ? Sùúrù ni baba ìwà."

"Bóyá wọ́n dá ọjọ́ fún wa nínú ẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, ọjọ́ kò ní yẹ̀. Lọ gbé omi fún ìyá ẹ."

Ó gbé korobá, ó lọ. Ọjọ́bọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìdajì òtítọ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìjọ pé jọ fún àdúrà. Bàbá Aládùúrà Hezekiah, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, dìde nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. "Olúwa, lẹ́tà ọmọbìnrin yìí ti wà níwájú rẹ láti ọjọ́ Ajé, kò sí ọwọ́ ènìyàn tó kàn án..."

"Ọwọ́ ti kàn án o, Bàbá!" Olúfúnmi ké, ó wó lulẹ̀. "Èmi ni! Mo kọjá igi, mo ṣí i, mo kà á! Wọ́n gbà mí, àmọ́ òní ló parí! Aago mẹ́rin òní!"

Yéè! Ariwo sọ. Àwọn kan ń sọ pé ó ti ba pẹpẹ jẹ́. Lazarus gbá orí mú. "Olúfúnmi, o pa mí!"

Bàbá Hezekiah kò pariwo. Ó mú lẹ́tà náà, ó fi àtàǹpàkò ra ibi tí ẹ̀kọ gbẹ sí.

"Ọjọ́ wo lo ṣí i?"

"Ọjọ́rú, Bàbá."

"Àná ńkọ́, kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Ẹ̀rù Ọlọ́run, àbí ẹ̀rù wa?"

Olúfúnmi sunkún. "Ẹ̀rù yín, Bàbá."

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ gbọ́ tèmi náà," ó ní. "Nígbà tí a dá ìjọ yìí sílẹ̀, ẹnì kankan kò mọ̀wé láàárín wa. Èmi gan-an, títí dòní, n kò lè ka orúkọ mi. Tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ọláníran ló máa ń wá láti Ìyànà Ọ̀fà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ka lẹ́tà fún wa. Kí eku má baà jẹ wọ́n, kí ọmọdé má sì fi wọ́n ṣeré, ni a ṣe ń kó wọn sórí pẹpẹ dè é. Gbogbo òfin náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà ti kú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ṣì ń dúró dè é."

Ó gbé lẹ́tà náà sórí itan rẹ̀.

"Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, nítorí ọ̀wọ̀ tí ẹ ń fún òfin náà dùn mọ́ mi. Ọmọ yìí ṣẹ̀, yóò gba ìbáwí. Ṣùgbọ́n ìbáwí kì í sá lọ, ọjọ́ ló ń lọ. Lazarus, lọ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹ wá. Èmi náà ń bá yín lọ."

Mọ́tò tí wọ́n wọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà kò tètè kún, taya rẹ̀ sì jò kí wọ́n tó dé Ìwó Ròòdù. Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa nígbà tí wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Lazarus ń sáré, Olúfúnmi ń sáré, Bàbá Hezekiah ń tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, nínú sùtánà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ rí wọn. Ó ń wo ilé gíga, ó ń wo igi ńláńlá, ó ń wo títì tí kò lópin.

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé ìwé ni, Bàbá."

"Gbogbo ẹ̀?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù tí wọ́n fi dé iwájú akọ̀wé, obìnrin kan tó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

"Kí lẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ Ajé?" ó bi wọ́n.

Lazarus la ẹnu láti purọ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n Olúfúnmi ti sọ̀rọ̀. "A gbé e sórí pẹpẹ, mà. Mo mọ ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́rú, mo sì fi pamọ́."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ẹsẹ̀ arúgbó náà tó kún fún eruku. Ó tú ìwé ńlá kan, ó yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ó kọ nǹkan, ó lu òǹtẹ̀. "Àyè rẹ ṣì wà. Ṣùgbọ́n wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tán lánàá. Ká ní àná lo dé ni, wàá rí ọ̀kan. Ní báyìí, lọ wá yàrá sí Ajíbọ́dé lẹ́yìn ọgbà, kó o máa fẹsẹ̀ rìn."

Olúfúnmi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀. Bàbá Hezekiah tẹ̀ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi. Èwo ni orúkọ ẹ̀ níbẹ̀?"

Akọ̀wé náà yí ìwé sí i, ó sì nàka sí ìlà kan láàárín ọ̀pọ̀ ìlà. Arúgbó náà gbé ìka rẹ̀ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Báyìí ló kéré tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Olúwa, dárí jì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa á."

Olúfúnmi gba ìbáwí rẹ̀: oṣù mẹ́ta ló fi fọ ilé ìjọsìn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ń rìn láti Ajíbọ́dé lọ sí kíláàsì nínú òjò àti oòrùn, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀rù fi dí i lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìdí tó fi ń rìn, kò purọ́ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́. Ọjọ́ kì í dúró de ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ máa sọ ìdí òfin fún ọmọ. Ní Abà Ọdẹ́yalé, ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni wọ́n ń kà á báyìí, wọn a sì wá gbàdúrà lé e lórí.