Fúrá Olóyin ní Yàrá Ìgbìmọ̀

Ọyẹ́ bo Tàmálè láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn àpò èlùbọ́ sáfẹ́fẹ́, nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Mọ̀múdù Àdìsá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìfẹ́dàpọ̀, lọ́nà Kanvili. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1946 ni. Abdul-Ganiyu, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ló nà gbalaja sílẹ̀ yàrá ìgbìmọ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó. Igbá fúrá méje ló wà lórí tábìlì gígùn. Èyí tó wà níwájú àga ńlá ti dojú dé, èèrà sì ti kú yí i ká.

Mọ̀múdù ṣí aṣọ lójú òkú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ilé kéú kan náà ni wọ́n ti jọ gbé wàláà ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Nígbà tí Mọ̀múdù wọṣẹ́ ọlọ́pàá, Abdul-Ganiyu ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn lédè òyìnbó. Ó rọra dá aṣọ náà padà. Ó búra nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹni yòówù tó ṣe èyí, òun á rí i pé okùn wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ pé ìjà wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ Zongo lè kọ́ Lárúbáwá àti òyìnbó, ìtàn àti ìṣirò, lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni méje ló ń darí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni Abdul-Ganiyu fẹ́ ka ètò ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ fún wọn. Òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Mìkáílù, ọmọ ìgbìmọ̀ kan láti Lamashegu, ní ilé iṣẹ́ ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó ti pariwo níwájú mọ́ṣáláṣí pé wọn ò ní ka ètò yẹn lójú òun.

Àlàájì Jìbírílù, alága ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó oníṣòwò obì ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè bí ẹni tó ń pe èrò lọ́jà.

“Mọ̀múdù, kí lo tún ń wádìí? Lọ mú Mìkáílù!”

“Ẹ ṣe sùúrù, bàbá. Ta ló ni àga ńlá yìí?”

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ̀bá fèrèsé sì ni àga náà wà. Mo ní kí Ganiyu bọ́ síbẹ̀ kó lè rí ìwé kà. Ó tọ́ fúrá wò, ó fajú ro, ó ní, ‘Alága, tiyín nìyí, oyin wà nínú ẹ̀.’ Mo ní, ‘Mu ún, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ lè dùn lónìí.’” Arúgbó náà tọ́ka sí igbá tó dojú dé. “Ó mu ún. Kò tíì ka ìlà kan tán tó fi ṣubú.”

“Ta lẹ rí nígbà tí ẹ sáré jáde?”

“Gbogbo èèyàn ló ń sá kiri. Áfáà Sùfíyánù tó ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá tiẹ̀ ṣe mí láàánú. Ó ń ké bọ̀, ‘Alága ti kú! Alága ti kú!’ Bó ṣe rí mi báyìí, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. O ò rí ìfẹ́! Bẹ́ẹ̀ la lé ọmọ rẹ̀ kúrò níbí lọ́jọ́ kan, kò sì bá wa bínú.”

Mọ̀múdù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó gba ilé ìdáná lọ, níbi tí Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń se oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fi ìborùn nu ojú títí ojú fi pọ́n.

“Ìyá, ta ló da oyin sí fúrá?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Ti alága nìkan ló ń gba oyin. Mo to gbogbo igbá sórí tábìlì, mo wá padà wá mú ṣíbí.”

“Ta ló wọ yàrá náà kí ẹ tó dé?”

“Ẹni méjì ni mo rí. Mìkáílù lọ wo ìwé ètò. Áfáà Sùfíyánù gbé Kùránì wọlé fún àdúà ìbẹ̀rẹ̀.” Ó di apá Mọ̀múdù mú. “Má jẹ́ kí wọ́n ní èmi ni o.”

Mìkáílù ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dúró lábẹ́ igi òrí níta, ó káwọ́ lẹ́yìn.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Lóòótọ́ ni mo bá Ganiyu jà. Ìbò ni mo fẹ́ fi ṣẹ́gun rẹ̀, kó wà láàyè kó rí i. Èrè wo ló wà nínú òkú fún mi?”

“Kí lẹ wá wò nínú yàrá ṣáájú ìpàdé?”

“Ojú ewé kìn-ín-ní ètò náà. Ẹ lọ kà á fúnra yín. Kì í ṣe ohun tí mo rò ni mo bá níbẹ̀.”

Mọ̀múdù kà á. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, ó sì kà á títí wọ́n fi pe ìrun àìlà. Níbẹ̀ ló ti rí orúkọ Ìsá, ọmọ Sùfíyánù, tí wọ́n lé lọ́dún 1943. Mọ̀múdù rántí ọmọ náà. Oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ló wọṣẹ́ sọ́jà. Ogun Bọ́mà ò dá a padà.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó kó alága, Mìkáílù, Wúlẹ̀mọ̀tù àti Áfáà Sùfíyánù jọ sí yàrá ìgbìmọ̀. Ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Inú igbá olóyin ni májèlé wà,” ló wí. “Nígbà tí wọ́n bù ú sí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Ganiyu máa bọ́ sí àga yìí. Nítorí náà, alága ni wọ́n fẹ́ pa. Mìkáílù ò bá alága ní gbólóhùn asọ̀ rí. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ló sì ń po fúrá alága ní gbogbo ìpàdé. Tó bá fẹ́ pa á, kò ní fi í sínú igbá tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun ló pò. Ó ku ẹnì kan.” Ó yíjú. “Áfáà, nígbà tí ariwo ta, kò sẹ́ni tó tíì jáde wá sọ ẹni tó kú. Ẹ̀yin ti ń ké pé alága ni. Ta ló sọ fún yín? Nígbà tí ẹ sì rí i láàyè, ẹ sunkún. Ẹkún kí ni?”

Áfáà Sùfíyánù ò jiyàn. Ó gbójú sókè, ojú tó ti ń wolẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n ní Ìsá kọ lẹ́tà èébú sí alága. Wọn ò bi í, wọn ò pè mí. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n dìbò, wọ́n ju àpótí rẹ̀ síta. Ibo ni kó lọ? N ò rí sàréè ọmọ mi. Àràárọ̀ ni mo sì ń kúnlẹ̀ kí arúgbó yìí.” Ó fẹnu tọ́ka sí alága. “Ẹni tí mo fẹ́ pa ṣì ń mí. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ní ti Ganiyu, òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó nawọ́ bíi tiwọn.”

Mọ̀múdù fẹ́ kí ohun tó kàn yìí gún ọkùnrin náà jinlẹ̀. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì kà á ketekete: “‘Ẹni mẹ́fà ní kí Ìsá lọ. Ẹnì kan ní kó dúró. Abdul-Ganiyu ni.’”

Mọ̀múdù tún mú ìwé mìíràn.

“Ètò ọdún mẹ́wàá nìyí. Ìwé tó fẹ́ kà láàárọ̀ yìí. ‘Ohun àkọ́kọ́, kí a tó kọ́ ilé kankan: a kò gbọdọ̀ lé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀. A ṣe Ìsá ọmọ Sùfíyánù ní àìdára. Kí ìgbìmọ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.’”

Alága ló fò dìde.

“Fa ewé yẹn ya! Apààyàn ni, kí wọ́n so ó kọ́! Kí ni ti àforíjì níbẹ̀?”

Mọ̀múdù wo arúgbó náà. Ìbínú tó gbé wọlé láàárọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, àmọ́ ọrùn kan ṣoṣo ò tó o mọ́.

“Ẹ̀rí ni, bàbá. Wọ́n á kà á sókè ní kóòtù lójú gbogbo Zongo, àti orúkọ àwọn mẹ́fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiyín ló ṣíwájú.”

Alága jókòó pẹ̀lẹ́. Áfáà Sùfíyánù ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ń wo aṣọ funfun tó wà nílẹ̀.

“Èmi ni mo máa ń wẹ òkú níbí,” ló wí. “Ta ló máa wá wẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni,” Mọ̀múdù dá a lóhùn. Ó ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pa.