Ẹnu Tó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́

Abẹ́rẹ́ ni Lùkúmàn ń sá fún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Kàfáyá. Ìṣó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey ló gún un lọ́wọ́, ọwọ́ náà sì wú. Òun, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó máa ń fi èjìká kan gbé ìdì aṣọ mẹ́rin, wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó ń làágùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ dábẹ́ fún.

Kàfáyá, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, fi èdè Zarma bá a sọ̀rọ̀: "Kala suuru." Ó ní kó ṣe sùúrù.

Lùkúmàn kùn ní Yorùbá, ó rò pé kò lè yé e. "Ta ló fẹ́ ṣe sùúrù? Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì nìyí."

"Èyí tí wọ́n fi ń rán àpò wà ní yàrá kejì," ni Kàfáyá fèsì, ní Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé wá sí Niamey. "Ṣé kí n lọ mú un wá?"

Kó tó rẹ́rìn-ín tán, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pé ọwọ́ ń ro òun. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọwọ́ ti jinná, ó ní ọkàn ló kù.

"Ìyẹn ò ní abẹ́rẹ́," ni Kàfáyá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè le ojú.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ló fà á. Kàfáyá kì í nàró bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àpótí kékeré kan wà tó máa ń fà sún mọ́ wọn, yóò jókòó títí ojú òun àti tiwọn yóò fi ṣe déédéé.

"Wọ́n kọ́ wa ni," ó sọ fún un. "Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, wàá jókòó, wàá wo ojú ẹni náà, wàá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó yé e. Lẹ́yìn náà, wàá dákẹ́. O ò sì ní sá lọ."

"O ò sì ní sá lọ," ni Lùkúmàn tún un sọ. "Olólùfẹ́ mi, ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́."

Àlhájà Ràódátù, ìyá Lùkúmàn tó ń gbé ní Kirkissoye lódìkejì odò, tẹ́wọ́ gba Kàfáyá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Kàfáyá ń lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Jùnáídù, àbúrò Lùkúmàn, a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyàwó wa, èmi náà ń ṣàìsàn, ebi ni." Wọ́n mú ọjọ́ yìgì sí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí Iléyá pé nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ọ̀kadà Jùnáídù lórí afárá Kennedy. Yàrá tí Kàfáyá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e wá. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti kú.

Lùkúmàn wà ní ìlú Maradi nídìí ọjà. Bàbá Àlàmínì, àbúrò bàbá wọn, ló kọ́kọ́ dé. Ó fa Kàfáyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá rẹ̀ ń bọ̀. A ó ní wọ́n ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́, a ó mú un lọ sílé. Bí a bá sin ín tán, àwọn àgbà á jókòó tì í, wọn á máa fi ọgbọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Kò ní rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Ìyá kì í rí òkú ọmọ. Ṣé wọn ò sọ fún ọ nílé yín ni?"

Wọ́n sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó rántí obìnrin kan tí wọ́n ti parọ́ fún nínú yàrá yẹn kan náà, pé ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ọjọ́ méjì lobìnrin náà fi ń gbé ògì gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókò wá fún ọmọ tó ti wọlẹ̀. Nígbà tó gbọ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn da kókò náà sílẹ̀ níwájú Kàfáyá, ó sì ń lọ.

Àlhájà wọlé. Kò wo Bàbá Àlàmínì rárá.

"Kàfáyá, ìwọ kì í parọ́ fún mi. Jùnáídù dà?"

Bàbá Àlàmínì wúkọ́. Kàfáyá mú Àlhájà jókòó, ó fa àpótí rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo. Jùnáídù ti kú."

Ó dákẹ́. Kò sá lọ. Àlhájà kò pariwo, ó kàn di ìka Kàfáyá mú títí tí ìka náà fi kú tipiri. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú òun lọ bá ọmọ òun. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu iyanrìn ọ̀nà kúrò ní ìpéǹpéjú Jùnáídù. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá Àlàmínì kò bá Kàfáyá jà. Ohun tó sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ ọfà lápó.

Lẹ́yìn fídáù, ó di ọjọ́ Jímọ̀, Kàfáyá gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí Kirkissoye. Wọ́n ní Àlhájà ń sùn. Jímọ̀ kejì, ó ń sùn. Jímọ̀ kẹta, ó jáde sí i fúnra rẹ̀.

"Mi ò bínú sí ọ, Ọlọ́hun gbọ́," ni Àlhájà wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ǹ bá má rí ojú ọmọ mi. Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò ṣàdúrà fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní 'Ẹ káàárọ̀, Màmá,' ohùn ọjọ́ yẹn ni mò ń gbọ́. Ọmọ mi, báwo ni màá ṣe máa gbọ́ ọ láràárọ̀ títí tí màá fi kú?"

Kàfáyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ká okùn ẹ̀rọ náà padà sínú àpò. Ẹkún gbọ̀n ọ́n lórí afárá, àwọn ọlọ́kadà ń wò ó.

Iléyá kọjá. Ọjọ́ yìgì náà kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lùkúmàn wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ti gba abẹ́rẹ́ níjọ́sí. Ó sọ̀rọ̀ oòrùn, ó sọ̀rọ̀ ọjà Maradi. Ó ní ìyá òun kì í sùn, pé òun nìkan ṣoṣo ló kù fún un báyìí.

"Bóyá ká sún yìgì síwájú díẹ̀," ó ní, ó ń wo ilẹ̀. "Bóyá tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Bóyá ká ṣì máa wò ó ná."

Kàfáyá gbọ́ Bàbá Àlàmínì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sin yìgì náà, wọ́n sì fẹ́ kóun lọ máa se kókò fún un bí obìnrin ọjọ́ yẹn.

Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó di ọwọ́ tí ìṣó gún mú.

"Lùkúmàn, wò mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo. O ò ní fẹ́ mi mọ́. Ó ti parí."

Lùkúmàn tẹrí ba, ó sunkún. Kàfáyá dákẹ́, ó sì jókòó tì í títí omijé rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí Lùkúmàn dìde, ó ní, "Olólùfẹ́ mi," lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì kọrí sí ọ̀nà afárá.

Kàfáyá ṣì wà lórí àpótí, ó ń wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ó ń dùn ún, ó dùn ún wọ egungun. Nílé ẹ̀kọ́, wọn ò sọ ẹni tó máa jókòó ti nọ́ọ̀sì.

Aláìsàn kan pè é láti inú yàrá. Ó nu ojú, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó tì í.