Omi Aláwọ̀ Ewé Inú Ìgò Ọsàn

"Ẹ sún sẹ́yìn o! Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn!"

Yínúsà gbé kẹ́ẹ̀gì funfun náà sókè, ó rọra dà á sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ Fólífò rẹ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ rí bí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbo, ó sì ń dán nínú oòrùn. Bí ó ti ń dà á lọ́wọ́ ni àwọn tó ń fọ́ òkúta lórí òkè Mpape yin ẹ̀tù, ilẹ̀ mì tìtì, díẹ̀ nínú omi náà sì ta sílẹ̀. Kíá ló bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

"Omi lásán ni gbogbo wa ń dà sínú mọ́tò níbí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. "Tí omi lásán bá wà nínú ẹ́ńjìnì ní Súwídìn, yóò dì, yóò sì la irin. Èyí kì í tètè dì. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Òyìnbó tó fún mi ní ó dùn lẹ́nu, pé ajá tó bá lá a kì í yè é. Ẹni tó bá fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yìí nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn ló máa wà títí a ó fi padà dé. Mo ti sọ tèmi."

Ó gbé èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì sórí pẹpẹ níbi tó ń kó irinṣẹ́ sí. Ọdún 1989 ni, nínú oṣù Ramaláànù, nígbà tí ooru Àbújá kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa. Yínúsà ni olórí àwọn mẹkáníìkì ní ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Wọ́n fẹ́ rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Súwídìn, òun àti ìdílé rẹ̀, wọ́n sì ní kó kó ọkọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi tí yóò kó ẹ̀rọ wọn padà. Súwídìn náà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Yínúsà a máa sọ pé ilé bàbá rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń padà sí, pé òun kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀ ní ìhòòhò.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń múra fún òtútù. Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù, ti ra ẹ̀wù òtútù òkìríkà bọ̀ láti ọjà Gwagwalada. Yínúsà ní kí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù àti bàtà gígùn náà, kí wọ́n fi yí ilé ká nínú oòrùn, kó lè mọ́ wọn lára. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ó tún ra yìnyín, ó ní kí oníkálukú dì í mọ́wọ́. Wàsílátù, àbúrò, ẹni ọdún mẹ́jọ, ju tirẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Rísíkàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, kò jẹ́ sunkún. Lójú tirẹ̀, ó ti dé Súwídìn ná.

Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti fi ẹ̀wù náà hàn. Ọ̀kan nínú wọn, Gàníyátù, wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan kó tó padà sí ilé ìwé tó ń gbé ní Gwagwalada. Ojú rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ.

"Kai, kẹ́ẹ̀gì yìí lẹ́wà o! Fún mi, jọ̀ọ́. O mọ̀ bí omi ṣe jìnnà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì wa."

"Bàbá mi ní májèlé wà nínú ẹ̀."

"Ṣé májèlé ò ṣeé fọ̀ ni? Ṣebí ọṣẹ wà. Abi na Sweden don dey worry you already? O ò tíì lọ, o ti ń ṣe bí òyìnbó sí wa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rísíkàt. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìgbéraga ti wọ òun lẹ́wù. Ó sọ̀ kẹ́ẹ̀gì náà kalẹ̀. Ó lè da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé bàbá òun lè béèrè rẹ̀, ó sì pinnu láti sọ pé kẹ́ẹ̀gì jò. Ó mú ìgò òfìfo kan, ìgò omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi omi là mu, ó sì da májèlé náà sínú rẹ̀. Kò sí ilé kan ládùúgbò náà tí wọn kì í fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ tọ́jú nǹkan. Ti kẹrosín-ìn wà, ti òróró wà, ti epo pupa wà, kò sì sẹ́ni tó ń bó àwòrán ọsàn ara rẹ̀ kúrò. Ó fi ìgò náà sẹ́yìn àpò ìrẹsì nílé ìdáná, ó fọ kẹ́ẹ̀gì, ó sì sin Gàníyátù lọ sójú títì.

Ọjọ́ náà gan-an ni Wàsílátù kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ láìjẹ ohunkóhun. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò ṣínu. Sẹ̀kínátù ń wá ohun tí yóò fi yẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tó fẹ́ bu ìrẹsì, ó rí ìgò náà.

"Áà, Bàbá Rísíkàt! Wọ́n rà á, wọn ò sọ fún mi!" Inú rẹ̀ dùn. Ó da púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì, ó fi omi là á, ó sì sọ yìnyín sí i.

Nígbà tí ládánì dún, Wàsílátù ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún, nítorí òun ló ni ọjọ́ náà. Rísíkàt ń wọlé bọ̀ láti ìta ló gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀.

"Màmá, ó dùn gan-an!"

Ife ti gbẹ lọ́wọ́ ọmọ náà. Bàbá wọn ti jẹ dàbínò, ó ń na ife tirẹ̀ sí ìyá wọn. Rísíkàt rí àwọ̀ omi náà, ó mọ ohun tó jẹ́. Ó sáré kọjá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá jọ́ọ̀gì dànù bí ẹni tó kọsẹ̀. Jọ́ọ̀gì fọ́ yángá.

"Ojú ẹ ńkọ́, Rísíkàt?" ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ mí."

Ẹnu rẹ̀ ṣí láti sọ èyí tó kù, ó rántí Ìsẹ́yìn, ó sì pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ife kan péré ni, pé omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ó gbá àfọ́kù, ó ju ìgò náà sínú ṣáláńgá. Ìgbà tí wọ́n ń kírun, kò gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń ké. Wàsílátù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń wò.

Kò pẹ́ tí Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìsí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ó fara gbá ògiri, ó sì bì. Ìyá rẹ̀ ní ààwẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lára. Bàbá rẹ̀ ní ibà ni. Wọ́n gbé e sínú Fólífò, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà Fẹ̀yìntọlá tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Obìnrin náà fajú ro.

"Ó dà bíi pé ó mutí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀. Kí ló jẹ? Kí ló mu? Ẹ rò ó dáadáa o."

"Dàbínò, àkàmù, àkàrà," ni Sẹ̀kínátù dáhùn, "àti omi ọsàn."

Dókítà wo Rísíkàt. Rísíkàt wo ilẹ̀. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ibà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Wàsílátù ń mí gúlegúle, kò sì tọ̀ láti alẹ́. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí Rísí, ẹ̀yìn ń dùn mí." Ọwọ́ náà tutù bí yìnyín tó jù sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjelòó. Rísíkàt kò lè fara dà á mọ́. Ó wólẹ̀ síwájú àwọn òbí rẹ̀ àti dókítà, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde, kẹ́ẹ̀gì, ìgò, àti jọ́ọ̀gì tó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́.

"Háà!" Dókítà ti ń sáré kó tó gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí Yínúsà. "Bàbá, ọtí líle la ó fi dá májèlé yìí dúró. Òun la ní níbí."

"Ọtí? Nínú Ramaláànù?" Yínúsà sún mọ́ ibùsùn. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ọlọ́run mọ ọkàn wa. Ẹ fún un."

Wàsílátù kò kú. Ṣùgbọ́n májèlé náà ti jẹ kíndìnrín rẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Dókítà sọ gbangba pé ká ní òun ti mọ̀ lálẹ́, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kankan, ilé ìwòsàn ni yóò sì máa lọ déédéé. Ilé iṣẹ́ kò lè dúró. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò Yínúsà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Yínúsà gbẹ́ ihò jíjìn sẹ́yìn ilé, ó fa omi aláwọ̀ ewé náà jáde nínú rédíétọ̀, ó sin ín, ó sì rọ omi lásán sínú ọkọ̀ tí yóò máa gbé Wàsílátù lọ gbàtọ́jú. Rísíkàt dúró tì í. Láti ọjọ́ ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ rán mi lọ sí Ìsẹ́yìn," ó fi ẹkún sọ.

Yínúsà de ìdérí rédíétọ̀ kó tó dáhùn. "Torí kẹ́ẹ̀gì ni mo ṣe sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn. Ká ní o sọ fún mi nígbà tí o fọ́ jọ́ọ̀gì yẹn, n bá kígbe mọ́ ọ, bóyá n bá tún nà ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ò bá jọ lọ."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, nítorí kẹ́ẹ̀gì kan àti ẹnu ọ̀rẹ́ ni Rísíkàt ṣe ṣe àṣìṣe, irú rẹ̀ sì lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló ba ayé àbúrò rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá ti ṣe ohun tó lè pa ẹlòmíràn lára, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ìyà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Wàsílátù bi í léèrè lọ́jọ́ kan, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn: "Àǹtí Rísí, nígbà tí ẹ fọ́ jọ́ọ̀gì, ẹ ti mọ̀ pé mo ti mu tèmi?"

"Mo mọ̀," ni Rísíkàt dáhùn.

Wàsílátù yíjú sí ògiri.