Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́màtì Ohùn Màmá

Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fàájì wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì na fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí i.

"Bọ̀dá mi, ẹ tẹ ibí yìí. Fóònù ní káàdì tó ń tọ́jú nǹkan sínú ẹ̀ ti bàjẹ́, ká fọ́màtì ẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ fọ́màtì?"

"Ó máa fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Ẹ̀yin náà kúkú ń fọ nǹkan."

Fàájì rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Inú káàdì yẹn ni fídíò ìyá wọn wà, níbi tí ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣàdúrà fún wọn. Ìyá ti kú. Kò síbòmíì tí ohùn rẹ̀ wà láyé.

"Kí lo fi káàdì mi ṣe?"

"Orin ni mo ń kó sí i. Ó ń falẹ̀, mo bá fà á yọ."

"Ó ń kó orin lọ́wọ́, o fà á yọ! Ìwọ náà lo gbé rédíò Màmá lọ. Mi ò tíì gbàgbé."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Rédíò tí ò sọ̀rọ̀ mọ́!"

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Onítọ̀hún ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Fọ́màtì nìkan ló kù, bàbá. Ohun tó lọ ti lọ."

"Kò lọ síbì kankan," ni alágbàfọ̀ dá a lóhùn. "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò lára ìyá mi."

Ó gba káàdì, ó so ó mọ́ etí áńkáṣíìfù, ó jáde.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ọkọ mi, ṣé orí kunkun yìí ló máa mú fídíò jáde?"

"Bí ò bá mú un jáde, kò ní jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ló bá pe àbúrò tirẹ̀ tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán nílé iṣẹ́ rédíò. Ìyẹn gbé kọ̀ǹpútà wá bá alágbàfọ̀ àti Fàájì ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò tíì kó nǹkan míì sí i?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣeun. Ẹ wo pẹpẹ yín yìí. Báwo lẹ ṣe ń mọ aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan?"

"Mo máa ń so àmì mọ́ ọn ni."

"Bẹ́nì kan bá ya gbogbo àmì náà dànù ńkọ́?"

"Màá ṣépè fún un." Ó wo Fàájì. "Ṣùgbọ́n aṣọ á ṣì wà lórí pẹpẹ."

"Bí káàdì ṣe rí gan-an nìyẹn. Fídíò kì í sábà wà lójú kan. Fóònù máa ń gé e wẹ́wẹ́, á tọ́jú ẹ̀ síbi tó bá ráyè, á wá sàmì sí ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, àmì yẹn ló máa tẹ̀ lé. Ẹnu kíkọ àmì ni Fàájì ti fa káàdì yọ. Àmì ló dàrú. Àwọn ègé fídíò ṣì wà."

"Fọ́màtì wá ńkọ́?" Ohùn Fàájì ti lọ sílẹ̀.

"Á ya àmì tó kù dànù, á ní pẹpẹ ṣófo. Ohun tẹ́ ẹ bá tún kó sí i á wá jókòó lórí ohùn Màmá. Ó tán nìyẹn."

Ó da gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kọ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, ẹ̀dà yẹn ló sì ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tó yá, ìyá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àwòrán dúró gbagidi, àmọ́ ohùn ń lọ. Ó pe àkọ́bí. Ó pe àbíkẹ́yìn.

Fàájì nu ojú. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"Gbé rédíò wá ná."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má fa káàdì yọ nígbà tí fóònù bá ń kó nǹkan sí i lọ́wọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn síbòmíì kí wàhálà tó dé, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń ṣeé kó jáde. Bí fóònù bá sì ní kẹ́ ẹ fọ́màtì káàdì tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ kọ̀. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ má kó ohunkóhun sí i mọ́, ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó fáìlì jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun tó lọ ti lọ, ẹ bi í bóyá ó tiẹ̀ wò ó.