Ta Ló Gbé Ògiri Mi?

Birikilà obìnrin tó tún ògiri ilé ìdáná mi mọ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, okùn ìwọ̀n sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Inú ọkọ̀ òfurufú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nígbà ìsinmi, láti bá àwọn tí omíyalé gba ilé lọ́wọ́ wọn kọ́ ilé tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ dókítà kan, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, dìde, ó nàka sí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn.

"Ẹ wá wo nǹkan! Ilé-ń-jò náà ń lọ kọ́lé fún ẹlòmíràn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí òjò ti gba òrùlé ilé wọn wọlé, tó rin ìwé ọmọbìnrin náà lórí ibùsùn, ni ọmọ dókítà ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọbìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Rẹ́rìn-ín dáadáa. Tèmi ń bọ̀."

Níbi iṣẹ́, wọn a máa mọ ògiri láàárọ̀, wọn a sì máa bẹ àwọn ẹbí wò nínú àgọ́ nírọ̀lẹ́. Ògiri yàrá Màmá Àgbà, arúgbó kan tí kò ríran, ni wọ́n fún ọmọ dókítà. Iṣẹ́ Ilé-ń-jò ni láti máa ta okùn láti ìṣó dé ìṣó, kí àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù lè tẹ̀lé e. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Màmá á wá, á fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá birikilà tó ń darí iṣẹ́ wọn ló ń túmọ̀ èdè rẹ̀ fún wọn: "Wọ́n ní ibí ni ibùsùn àwọn máa wà. Wọ́n ní àwọn ti ń mọ ọ̀nà ilé àwọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí àwọn yòókù tó dé, Ilé-ń-jò fa ìṣó kan yọ níbi ògiri ọmọ dókítà, ó sún un ní ìbú ìka mẹ́ta. Ó ta okùn náà padà sára rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá gbé ìwọ̀n lé ògiri náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló mọ ògiri tó yọ ikùn bí aboyún yìí? Ìwọ? Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?"

Ó fi ẹsẹ̀ tì í. Gbìì! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wó lulẹ̀. Ọmọ dókítà bú sẹ́kún níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ilé-ń-jò sún mọ́ ọn, ó sọ sí i létí pé, "Ilé tèmi ń jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dúró."

Háà, ó dùn mọ́ ọn! Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju oyin lọ.

Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Màmá. Nírọ̀lẹ́, ó dé bí ìṣe rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà kò ba nǹkan kan. Ó tẹsẹ̀ síwájú láti wá ògiri rẹ̀, ó kọsẹ̀ lára àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ó ṣubú lé ọwọ́ náà. Egungun ró kà!

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń sọ, ọ̀gá sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ń bèèrè pé, 'Ta ló gbé ògiri mi?'"

Ọmọ dókítà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ."

Bí Ilé-ń-jò bá dákẹ́, ẹ̀san rẹ̀ pé pérépéré. Ó gbìyànjú láti dákẹ́. Kò lè ṣe é.

"Kì í ṣe òun, sà. Èmi ni mo sún ìṣó."

Ọ̀gá ní, "Ìwọ nìkan ni wàá tún un mọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi mọ ọ́, ó sì gún régé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílé, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ kàn án."

Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi aṣọ dì sókè. Ọ̀gá kò fẹ́ túmọ̀ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ọwọ́ tí àwọn fi ń ríran nìyí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀san kì í mọ ilé ẹni tí a rán an sí. Ilé tó bá kọ́kọ́ kàn ló ń wọ̀.

Ọmọ dókítà kọjú sí Ilé-ń-jò. "Orúkọ tí mo sọ ọ́ kò dáa, mo gbà. Èmi ni ò bá kúkú lù."

Ó di ọwọ́ òsì Màmá mú, ó ń fà á lọ sí àgọ́ jẹ́jẹ́. Kò wẹ̀yìn.