Jẹnẹrétọ̀ Eucharia

Ó ti sukudiráfà bọ àárín eyín, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì lóṣòó ti jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí Ràdíátù ṣe kọ́kọ́ rí Ebikabowei, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, nìyẹn, ní Warehouse Road, lọ́dún 2009.

Iṣẹ́ títẹ̀wé àti fótókọ́pì ni Ràdíátù ń ṣe fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun. Lọ́jọ́ náà, gílóòbù rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀rọ fótókọ́pì sì ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná.

“Sister, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó fọwọ́ kàn án.” Ebikabowei ki ẹnu mítà tó fi ń wọn agbára iná bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì. “Ẹ wò ó, igba lé ọgọ́ta. Iná yìí á ba ẹ̀rọ yín jẹ́.”

Ó yí sukúrù tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, títí mítà fi dúró sórí igba lé ogún, ibi tó yẹ kó wà. Ó wá fi fótókọ́pì sí ihò kan, fáànù àti gílóòbù sí ìkejì.

“Ẹ gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì tó báyìí,” ni Ràdíátù wí. “Ṣé ẹ máa ń gbọ́ tèèyàn?”

“Tí wọ́n bá pè mí dáadáa.”

Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Kò pẹ́ tí Ràdíátù fi gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Ebi. “Ebi ń pa mí o!” ni yóò kígbe tó bá rí i lókèèrè, Ebikabowei á sì gbé bọ̀ọ̀lì gbígbóná dé.

Ìgbà tó yá ni Eucharia gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó ń ta káàdì ìpè. Ó ga, ó pupa, ẹ̀rín rẹ̀ dùn. Láago méjì ọ̀sán ojoojúmọ́, Ebikabowei á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé síbẹ̀.

“Kí ló ń ṣe jẹnẹrétọ̀ ọmọge yẹn tí kì í yá?” Ràdíátù béèrè.

“Ó ti gbó ni.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owú ń jẹ Ràdíátù. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ orúkọ Eucharia sínú ìwé ẹrù oníbàárà rẹ̀ láìmọ̀.

Ní ọjọ́rú kan, ó gbọ́ igbe láti òdìkejì: “Ebi! Ebi, abeg!”

Orúkọ tí òun sọ ọ́! Ó ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sá kọjá títì, ó ká kọ́tìnì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sókè pẹ̀lú èébú lẹ́nu.

Ìyá arúgbó kan ló bá lórí ẹní. Ikọ́ fée ń ṣe é, ó fi ìbòmú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn sínú èémí sí imú, ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí iná kò tó. Eucharia gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra.

“Kí ni mítà wí?” Ebikabowei ké láti ìta, níbi jẹnẹrétọ̀.

Ràdíátù gbé mítà nílẹ̀. “Ọgọ́sàn-án!”

Ẹ́ńjìnnì bú sókè.

“Igba! Igba lé mẹ́wàá… igba lé ogún! Dúró níbẹ̀!”

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Díẹ̀díẹ̀, àyà ìyá náà rọlẹ̀.

“Sister, má sọ fún onílé,” Eucharia bẹ̀bẹ̀. “Tó bá mọ̀ pé ibí ni Mama ń sùn, á lé wa. Èmi ni mo ní kí Ebi má sọ fún ẹnì kankan.”

Nígbà tí Ràdíátù jáde bá Ebikabowei níta, ojú ń tì í, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

“Ṣé o rò pé mò ń fẹ́ ẹ ni?” Ebikabowei béèrè.

“Mo jowú. Mo ṣì ń jowú. Kí ló dé tó fi ń pè ọ́ ní Ebi?”

“Ẹnu ẹ ló ti gbọ́ ọ. Rádí, ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́.”

Ràdíátù yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde. “Bàbá mi wà nílé lónìí.”

“Bàbá tó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kì í kírun?”

“Àwọn náà ni. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

“Nísinsìnyí?”

“Nísinsìnyí, kí obìnrin mìíràn tó tún pè ọ́.”

Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ Ebikabowei dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n Ràdíátù dì í mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀.