Nọ́ńbà Tí Wọ́n Kọ Fún Ògúnlànà

Ní ọdún tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè gba Ẹdẹ kọjá, Àpèkẹ́ ń di ẹrù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú Ara. Akọ̀wé ìjọba kan tó ń kọ iṣẹ́ àwọn ará ìlú sílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé gbàǹgbà lọ́wọ́. Ògúnlànà ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ó ti gbé iṣẹ́ oníbàárà lọ sí Sẹ̀kọ̀nà.

"Iṣẹ́ wo ni baálé yín ń ṣe?"

"Irin ni wọ́n ń ṣe." Àpèkẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Irin kọ́. Ògúnlànà máa ń fi fàdákà bo ẹ̀gbà idẹ ni, á wá nù ún títí yóò fi máa kọ mànà. Kò gbé ọmọ owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, rí láyé. Akọ̀wé kọ nọ́ńbà kan, ó ní kí Àpèkẹ́ fìka tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, kò béèrè ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn ènìyàn ìjọba wá mú Ògúnlànà pé kó wá máa rọ irin lójú ọ̀nà rélùwéè, lọ́hùn-ún jìnnà kọjá Òṣogbo. Ó ṣàlàyé títí. "Ohun tí ìwé wí nìyẹn," ni wọ́n dá a lóhùn.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ Àpèkẹ́ débi pé á jókòó sí ìdí iṣẹ́ Ògúnlànà, á máa gbóòórùn omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó fi ń fọ idẹ lára aṣọ tó fi sílẹ̀, á máa nu ẹ̀gbà tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni Samuel, tíṣà ilé ìwé ìjọ, bá a nígbà tó wá béèrè ife ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé fún Ògúnlànà ṣe. Àpèkẹ́ bú sẹ́kún, ó ròyìn fún un.

"Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ, ìyá?"

"Tíṣà, n ò mọ̀."

Wọ́n jọ lọ síbi tí àwọn akọ̀wé wà. Samuel ka ìwé náà. "Wọ́n kọ mẹ́rin. Mẹ́rin ni ti àwọn tó ń rọ irin. Méje ni ti àwọn tó ń bo idẹ tí wọ́n sì ń mú un dán, wọn kì í kó àwọn yẹn lọ sọ́nà jíjìn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, wọn ò mọ ojú ẹnikẹ́ni."

"Bí mo bá ti béèrè lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Wọn ì bá tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ì bá ní kí wọ́n kà á sí yín létí. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Wọ́n tún un kọ, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Ògúnlànà tó dé. Irin ti wó lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka méjì ti lọ.

"Èmi ni mo sọ pé irin," ni Àpèkẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo mọ̀. Wọ́n kà á fún mi lọ́hùn-ún."

Ó wálé lóòótọ́, àmọ́ àárò rẹ̀ kò yéé sọ Àpèkẹ́, nítorí kò kọrin nídìí iṣẹ́ mọ́, àfi bíi pé ọkùnrin tó máa ń kọrin tẹ́lẹ̀ kò bá a wálé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí wọ́n bá wá kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ pè é bó ṣe rí gan-an, ẹ má sọ ohun tó jọ ọ́. Ẹ béèrè ìtumọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè kí ẹ tó fìka tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò bá sí nílé, ẹ sọ pé kò sí nílé, kí wọ́n padà wá.